Ẹ̀bùn Tí Ọwọ́ Lè Kà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni àwọn ará yòókù yóò ṣe bá a pè é. Bí ó bá pè é ní àkúfọ́, wọn a fi kó ilẹ̀. Bí ó bá pè é ní ohun iyì, wọn a fi bu omi fún àlejò. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n igbá tí ó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú, àfi ìgbà tí ọ̀ràn ẹ̀bùn kan délẹ̀ nínú ẹbí wa. Nígbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe ẹnu onígbá nìkan ni ó ń pe igbá ní orúkọ. Ohun tí a bá fi ṣe ẹ̀bùn, ìbáà ṣe òwú, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe awọ, òun náà ń bá ẹni tí ó gbà á sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ ohun tí a kò rán an.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Abẹ́òkúta, ni ọ̀ràn náà kàn. Wọ́n fẹ́ pé ẹni ọgọ́rin (80) ọdún. Aláró ni wọ́n, ọmọ aláró sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ọdún mẹ́fà ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kẹ́mta nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọwọ́ wọn tí aró ti wọ̀ dé ìgúnpá sì ni wọ́n fi ń bọ́ jú mi láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 10 sẹ́yìn ni àìsàn ojú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma ti ń jí ìran wọn kó díẹ̀díẹ̀. Àìsàn náà kì í sábà dun ènìyàn, ìdí nìyí tí a kì í fi í tètè fura. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, agbára omi inú ẹyinjú ni ó máa ń ga jù, tí yóò sì máa pa iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Ìran tí ó bá ti lọ kì í padà; oògùn tí a ń kán sí ojú lójoojúmọ́ lè dáàbò bo èyí tí ó kù ni. Nígbà tí a ó fi mọ̀, èyí tí ó kù fún Màmá kò pọ̀. Wọ́n mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, wọ́n sì mọ̀ bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n aró tí ó ti dúdú kanrin àti aró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ọ̀kan náà ni wọ́n dà lójú wọn.

Kí ni a ń fún aláró tí kò rí àwọ̀ mọ́? Ìbéèrè yìí ni ó gba oorun lójú mi. Ẹnìkan nínú ẹbí dábàá àwòrán ńlá tí a ó fi gíláàsì bò. Ẹlòmíràn dábàá tẹlifíṣọ̀n. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ fún Màmá lójoojúmọ́ pé ohun dáradára kan wà nínú yàrá yìí, ẹ kò sì lè rí i. Ohun tí èmi ń wá ni ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, tí ọwọ́ nìkan yóò sì tó láti gbádùn rẹ̀.

Ìrònú nípa àrokò ni ó la ọ̀nà fún mi. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàrin wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń fi ohun àfọwọ́bà dípò ọ̀rọ̀. Ènìyàn lè so owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀, kí ó fi rán ìránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè, kí ẹni náà sì tú u bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú gbajúmọ̀ fún un púpọ̀, débi pé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn kan ti kó àrokò wọn dé iwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó dùn mọ́ èmi tí mo fẹ́ràn èdè nínú rẹ̀ ni pé láti inú ìró ọ̀rọ̀ gan-an ni ìtumọ̀ ti máa ń jáde. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ nípa ìfàmọ́ra, nítorí pé “fà” wà nínú ẹ̀fà. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé a jọ wà ni, pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí pé “jọ” wà nínú ẹ̀jọ. Bí a bá so ẹyọ méjì kí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣa ohun èlò fún ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣà. Mo wá pinnu pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ mú, màá kọ́kọ́ di ojú mi, màá fi ọwọ́ bà á, màá sì tẹ́tí sí ohun tí yóò sọ.

Àdìrẹ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Àwọn kan ń fi ìko dì í, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀ kí wọ́n tó kì í bọ inú aró. Ti ẹlẹ́kọ ni Màmá mọ̀ jù. Ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn sí ara aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í dé ibẹ̀. Bí aṣọ bá gbẹ tí a sì họ ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà yóò yọ. Mo lọ sí Ìtòkú, mo tẹ́ àdìrẹ tí a fi ọnà Ìbàdàndùn ṣe sórí itan mi, mo di ojú. Ọwọ́ mi kò rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n yà sí i. Aṣọ lásán ni ọwọ́ mi bá pàdé. Lóòótọ́, mo gbọ́ òórùn ẹ̀lú lára ọ̀kan tí wọ́n fi aró ìbílẹ̀ rẹ, ó sì dá mi padà sí ẹ̀yìnkùlé Kẹ́mta kíákíá. Ṣùgbọ́n òórùn a máa bá omi ìfọṣọ lọ. Lẹ́yìn ìfọ̀ bíi mélòó kan, ẹ̀bùn náà yóò dákẹ́.

Mo wá ro ti aṣọ òkè. Èyí kò tètè jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí íǹṣì 4 lọ ni wọ́n ń hun lórí òfì, kí wọ́n tó rán an pọ̀ di aṣọ ńlá, ọwọ́ sì lè máa tọ ojú rírán náà lọ bí ẹni ń tọ ipa ọ̀nà oko. Òwú sányán, tí a ń fà láti inú ilé tí àwọn kòkòrò kan nínú igbó wa ń hun yí ara wọn ká, yàtọ̀ lọ́wọ́ sí òwú lásán. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò nílò ojú kí ó tó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ojúlówó sányán ti ṣọ̀wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣọ òde ni aṣọ òkè, ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Inú àpótí ni yóò máa gbé, bí ọ̀rọ̀ tí a kọ tí a kò fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ ohun tí wọn yóò máa fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe dé ìdí igbá nìyí. Ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ìdílé ni igbá fínfín ti jẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀bẹ kékeré ni afíngbá ń lò. A fi fa ìlà sí ara igbá, a sì ha èèpo kúrò níbi tí ó bá yẹ, kí ọnà lè hàn. Ọnà náà kì í ṣe ohun tí a kùn sí i. Ó ní òkè, ó sì ní kòtò, ìka sì lè wọ inú rẹ̀ lọ.

Igbá tí wọ́n ń fín yìí kì í ṣe igi. Ewéko tí ń fà ni, tí ń ná ìtàkùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ń gun ọgbà. Nínú ẹbí rẹ̀ kan náà ni a ti rí ahá tí a fi ń mu ẹmu, kèrègbè tí a fi ń gbé e, àdó tí àwọn oníṣègùn ń kó oògùn sí, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ń pe ẹsẹ̀ jó. Bí ó bá gbó tán tí ara rẹ̀ le, wọn a já a, wọn a là á sí méjì, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi kí inú rẹ̀ lè rà, wọn a ha á mọ́, wọn a sì sá a sí oòrùn. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: a ń rẹ igbá, a sì ń rẹ aṣọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Bàbá afíngbá tí mo bá ní Ọ̀yọ́ fi ọ̀nà tí a fi ń ṣa igbá hàn mí. Wọ́n kọ́kọ́ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná bá fi àpá sílẹ̀, igbá náà kò gbó nígbà tí wọ́n já a, yóò sì fún jọ lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ìka lù ú. Igbá tí ara rẹ̀ pé a dún gbọnmọ. Èyí tí ó ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tí ó ti sán, ohùn rẹ̀ a dákú. Níkẹyìn, wọ́n fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, láti mọ bí ó ti nípọn tó. Mo wòye pé nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí èyí tí ó gbára lé ojú pátápátá.

Igbá méjì ni ó kù sílẹ̀ fún mi láti yàn. Ọ̀kan rí roboto bí òṣùpá, ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Ìkejì tẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ ó nípọn. Bí ó bá jẹ́ pé orí ògiri ni a ó gbé e kọ́, èyí àkọ́kọ́ ni ẹnikẹ́ni yóò mú. Ṣùgbọ́n ọnà tí ìka fẹ́ kà gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, igbá fẹ́lẹ́ yóò sì lu bí ọ̀bẹ bá jìn nínú rẹ̀. Mo mú èyí tí ó nípọn. Mo bẹ Bàbá pé kí ọnà má pọ̀ jù: aláǹgbá kan, ẹyẹ kan, ẹja kan, kí àlàfo tí ó tó ìka méjì sì wà láàrin wọn. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ọ̀dà tàbí fánííṣì kùn ún, nítorí pé yóò dí kòtò ọnà, yóò sì jẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ máa yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bakan náà.

Bàbá béèrè ìdí rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n mú igbá mìíràn tí wọ́n ti fín tẹ́lẹ̀, wọ́n di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ọnà tí àwọn fúnra wọn yà. Wọ́n ní, “Èyí kò jìn tó. Padà wá lọ́jọ́ mẹ́jọ òní.”

Ìṣẹ́ tèmi kù. Ìdí igbá kì í tẹ́ lórí tábìlì, ó sì nílò òṣùká tí yóò jókòó lé. Àjákù aṣọ òkè ni mo fi ṣe é. Mo yọ àwọn tí ó ní òwú tí ń kọ mànà kúrò nínú wọn, nítorí pé ó wu ojú, ṣùgbọ́n a máa ha ara. Òwú lásán ni mo mú, mo dì í bí ẹni ń di irun, mo sì yí i po. Lẹ́yìn náà ni mo so owó ẹyọ sí okùn méjì, mẹ́fà sí ọ̀kan, mẹ́jọ sí èkejì. Ohun tí ó ti òkun jíjìn wá ni owó ẹyọ, láti àwọn erékùṣù Maldives, síbẹ̀ ó pẹ́ lọ́wọ́ wa débi pé ó kọ́ láti sọ Yorùbá.

Inú igbá náà ni mo kó okùn méjèèjì sí, nítorí pé igbá òfìfo kì í ṣe ohun tí a ń fún àgbà. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rántí pé láyé Ọ̀yọ́ Ilé, bí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Ó ti mọ̀ pé ikú ni wọ́n ní kí òun lọ kú. Igbá kan náà tí a fi ń kí ìyàwó káàbọ̀ ni a fi ń lé ọba kúrò láyé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí tí kò sí nínú rẹ̀, ni ó ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, n kò gbé e kalẹ̀ láàrin èrò. Ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn olórin ti lọ, kí n tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, tí mo sì gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè láti mọ ìwúwo rẹ̀. Wọ́n fi ìka lù ú, gẹ́gẹ́ bí Bàbá afíngbá ti ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Aláǹgbá nìyí,” ni wọ́n wí. “Ìrù rẹ̀ ti gùn jù.” Ẹ̀rín pa wá. Wọ́n rí ẹyẹ, wọ́n rí ẹja. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n ka ẹyọ orí okùn kìíní, wọ́n ka ti èkejì, wọ́n sì tún un kà.

“Mẹ́fà àti mẹ́jọ. Ta ló kọ́ ọ ní àrokò?”

“Inú ìwé ni mo ti rí i, Màmá.”

“Ìwé náà kò purọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí o wí.” Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀: “Àwọ̀ wo ló ní?”

Mo sọ fún wọn pé ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá funfun. Màmá mi orí. “Bí ẹlẹ́kọ náà ni. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í dé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn sì ń wò.” Wọ́n tún fi ìka kan tọ ẹ̀yìn aláǹgbá náà lọ. “O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn yòókù ń fún mi ní ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa ròyìn fún mi. Èyí, mo lè jókòó tì í lémi nìkan.”

Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn ni igbá náà wà báyìí, lórí òṣùká rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó oògùn ojú wọn sí. Tẹ́lẹ̀, ìgò oògùn náà kéré, ó sì máa ń yí sọnù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ mìíràn wọn kì í rí i kán, wọn kì í sì fẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Báyìí, bí wọ́n bá na ọwọ́, aláǹgbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé, wọ́n sì mọ̀ pé oògùn kò jìnnà. N kò ronú kan èyí nígbà tí mo ń ṣa igbá. Ohun tí ó lágbára tó láti gba ọnà jíjìn ni ó lágbára tó láti wúlò lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ èdè wa, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan náà, “kà”, ni a ń lò fún ìwé àti fún owó. A ń ka lẹ́tà, a sì ń ka ẹyọ. Ọwọ́ Màmá ṣe méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀bùn fún ẹnìkan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó gbayì lọ́jà tàbí ohun tí yóò wu àwọn tí ń wòran. Ẹ béèrè ibi tí ẹni náà yóò ti pàdé ẹ̀bùn yín: ṣé ojú ni, ṣé etí ni, ṣé ọwọ́ ni? Ẹ béèrè iye ìgbà tí yóò fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀. Ẹ lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra yín, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ fún un, nítorí pé ìdí náà yóò hàn nínú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, kí ẹ sì fi ọwọ́ bà á kí ẹ tó san owó.